Èsì: “ìdẹ oníyọ̀” kọ́, “àtúnṣe” náà kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń pẹja ní Galveston, Texas, fẹ́ kọ ìtọ́ni ní Yorùbá fún àwọn tó ń dá ọgbọ́n sí ìdẹ rọ́bà nílé, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń so ó pọ̀, tí wọ́n sì ń kùn ún láwọ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí omi iyọ̀. Wọ́n bi wá léèrè orúkọ. Lára ohun tí ẹ ti dá lábàá ni “ẹ̀tàn ẹja” dípò ìdẹ, “ìdẹ oníyọ̀” fún ti omi iyọ̀, àti “àtúnṣe” fún iṣẹ́ náà. N kò fara mọ́ ìkankan.

Ẹni tó mú “ẹ̀tàn” wá ní oúnjẹ ni ìdẹ, pé rọ́bà kì í ṣe oúnjẹ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Inú “dẹ” ni ìdẹ ti jáde, dẹ tí à ń dẹ pàkúté, tí ọdẹ ń dẹ ìgbẹ́. Ohun tí a bá fi dẹ ẹja ni ìdẹ, ìbáà jẹ́ ekòló, ìbáà jẹ́ rọ́bà. “Ìdẹ rọ́bà” ti tó. (“Ìdẹ dídẹ̀” tí ẹnì kan sọ, mo gbà pé eré ni: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń dẹ̀, rọ́bà ń rọ̀ ni.) “Ekòló rọ́bà” ì bá ṣe é gbà ní 1949, nígbà tí Nick Creme àti Cosma ìyàwó rẹ̀ ń rọ ọ́ nílé wọn ní Akron, Ohio, torí ekòló gan-an ni wọ́n rọ. Àmọ́ èyí tó jọ ẹja kéékèèké tàbí edé ni àwọn apẹja etí òkun ń lò jù lónìí.

“Ìdẹ oníyọ̀” ló máa ṣini lọ́nà jù. Àwọn ìdẹ rọ́bà kan wà tí wọ́n po iyọ̀ mọ́ lóòótọ́, kó lè wúwo, kó sì tètè rì, omi dídùn ni wọ́n sì ń lo púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn rajà yóò ra ohun tí kò wá. “Ìdẹ òkun” náà kò kúnjú òṣùwọ̀n, nítorí Galveston Bay kì í ṣe agbami. Ọ̀sà ni, bíi ti Èkó: odò Trinity àti San Jacinto ń da omi dídùn sínú rẹ̀, òkun ń ti omi iyọ̀ wọlé. “Ìdẹ omi iyọ̀” ni kí á wí.

Ó ku “àtúnṣe”. Mo mọ̀ pé à ń sọ àtúnṣe òfin, ṣùgbọ́n létí apẹja, ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. N kò sì ní wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, torí iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n á gé ìrù ìdẹ kan, wọ́n á gé orí òmíràn, wọ́n á ki ọ̀bẹ gbígbóná sáàárín ojú ibi tí wọ́n ti gé méjèèjì. Bí rọ́bà bá ti ń yọ́, wọ́n á fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ dé ìsọ̀ jórinjórin, ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀: wọ́n ń jó o pọ̀ ni. Ká fi “lẹ̀” sílẹ̀ fún ẹni tó lo gúlúù. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. PVC, rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìdẹ wọ̀nyí, ń jó mọ́ra, ṣùgbọ́n irú tó ń nà gan-an, TPE, kò bá PVC rẹ́. Bí méjèèjì bá jọ wà nínú àpótí kan, wọ́n lè yọ́ mọ́ra di pọ́tọ̀pọ́tọ̀. Kí ìtọ́ni náà sì sọ ọ́ gbangba pé ìta ni kí wọ́n ti jó o, torí èéfín PVC tó bá gbóná jù burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Fún ìrù tí wọ́n ń tì bọ inú aró aláwọ̀ ewé tó sún mọ́ ìyeyè, aláró ti ní “rẹ”. “Ìwọ̀ olórí òjé” kò lè fa ìjà, apẹja wo ni kò mọ òjé?

Èyí tó kù ni ìgò tín-ín-rín tó ní ọta róbótó nínú, tí wọ́n ń kì bọ ìdẹ kó lè máa dún nínú omi tó dọ̀tí. Mo dábàá “ṣaworo”. Ẹnì kan lè ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igbá ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Inú ni tibí ti ń dún.