Game Gear mi tó yadi

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé Game Gear wá fún wa láti London nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí Sega kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan lọ́dún 1990 ni. Bátìrì kéékèèké mẹ́fà ló ń gbà, kò sì lè lò ju wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lọ kó tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, torí iná tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Màmá mi ló ń ra bátìrì, nítorí náà ọjọ́ Sátidé nìkan la máa ń tàn án.

Lọ́dún tó kọjá ni mo rí i nínú àpótí ní ilé wa n'Íbàdàn. Mo ki bátìrì sí i. Iná pupa tàn, ṣùgbọ́n kò fọhùn rárá, ojú rẹ̀ sì ṣú. Àfi tí mo bá fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo tó ń rí òjìji àwòrán. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe wò ó, ó ní ojú rẹ̀ ti kú, kí n jù ú nù. Ó dùn mí wọra.

Mo tú u fúnra mi. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, òórùn ẹja tó ti rà gbá mi nímú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ fi òórùn yẹn sọ́kàn: kapásítọ̀ ló ń jò. Àwọn ló ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú ẹ̀rọ; wọ́n dà bí agolo kéékèèké, omi sì wà nínú wọn. Tí ọjọ́ bá ti pẹ́, rọ́bà ìdí wọn á dẹ̀, omi náà á máa yọ́ jáde, á máa jẹ àwọn ìlà bàbà ara bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí wọ́n jó àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà nínú tèmi: èyí tó tóbi, ti ohùn àti ti iná. Ti ohùn ló burú jù. Òjé tí wọ́n fi jó àwọn kapásítọ̀ náà mọ́ bọ́ọ̀dù, tó yẹ kó máa dán, ti ṣú bí eérú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo kánjú níbi àkọ́kọ́. Òjé kò tíì yọ́ dáadáa tí mo fi fa kapásítọ̀, ló bá já bàbà abẹ́ rẹ̀ kúrò. Wáyà tín-ín-rín bí irun ni mo fi so ojú ibẹ̀ pa dà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́: mo yọ ti àtijọ́, mo fi alcohol àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ibẹ̀ títí òórùn fi lọ, kí n tó jó tuntun mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ra o, ẹsẹ̀ kan jẹ́ pọ́sítíìfù, èkejì nẹ́gátíìfù. Tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, ó lè bẹ́.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Lálẹ́ kẹta mo tàn án: àwòrán mọ́ rekete, ohùn sì bú jáde. Màmá mi pè láti inú yàrá: "Ṣé bátìrì mẹ́fà náà ló ṣì ń jẹ?"