Káàdì ọdún tí mo tà fún ọgbà eré ọmọdé: èrò ti pọ̀ jù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣé kí n fowó lé e?

Ìyá Tíṣà, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì wa jáde, àwọn ojúgbà mi fi tiwọn kọ́lé. Èmi fi tèmi ṣe ọgbà eré ọmọdé lọ́nà Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo. Kò tóbi. Jangirọ́fà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, bouncing castle méjì, ibi méjì tí àwọn ọmọ ti ń yọ̀ wálẹ̀, àti ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń yí igi máńgòrò po. ₦1,500 ni ọmọ kan ń san lẹ́nu gẹ́ètì. Òbí kì í san kọ́bọ̀.

Ní oṣù January, jẹnẹrétọ̀ mi dákẹ́. Mẹkáníìkì tú u, ó ní ẹ́ńjìnnì ti lọ. Kò sówó nílẹ̀, torí pé tí ọdún tuntun bá ti kọjá, ọgbà máa ń dá páropáro. Ọmọ mi obìnrin ló wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ta káàdì ọdún: ₦12,000 fún ọmọ kan, kó máa wọlé nígbàkígbà tó bá wù ú títí di December 31. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ta 260. ₦3,120,000 wọlé. Mo ra ẹ́ńjìnnì, mo kun jangirọ́fà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọmọ tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ti jẹ owó káàdì rẹ̀ tán. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wọlé sí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì láyé ọjọ́un. Àwọn kan ti wá nígbà 30 láti February. Ìyẹn ò dùn mí rárá, ìdùnnú mi ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Lọ́jọ́ Tuesday, ọmọ mẹ́rin péré lè wà nínú ọgbà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, láti aago kan ọ̀sán sí márùn-ún, mo ti ka ọmọ 190 nínú ọgbà tí 100 jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. 150 nínú wọn ló mú káàdì lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Children's Day, May 27, bàbá kan kó ọmọ márùn-ún wọ mọ́tò wá láti Ìkìrun. ₦7,500 wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kà á sílẹ̀. Ó wo inú ọgbà, ó rí àwọn ọmọ tó tò sídìí bouncing castle, ó ní, "Ìyá, àwọn ọmọ mi ò ní rí nǹkan kan gùn níbí." Ó yí padà. Èyí tó kéré jù nínú wọn wọ bàtà funfun tuntun, ó ń wẹ̀yìn títí wọ́n fi dé títì. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní August. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe máa ń kún. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n bá ti ti Igbó Ọ̀ṣun dé, wọ́n á máa wá ibi tí àwọn ọmọ wọn á ti ṣeré. Kérésì náà ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni owó dísù ọgbà fi ń wọlé.

Ìbéèrè mi ni pé: tí mo bá gbé káàdì lọ sí ₦40,000 lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé èrò máa dín kù lóòótọ́? Ẹ rántí o, mi ò fẹ́ kó di ọgbà olówó. Ọmọ àwọn tó ń pàtẹ ní Ọjà-Ọba ni mo torí wọn dá a sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò (California)

Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ayétòrò ni mí, ibi tí mò ń gbé báyìí ò ju wákàtí kan lọ sí Disneyland, ọgbà ìṣeré ńlá kan níbí. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti ọkọ mi fi ra káàdì ọdún wọn fún àwọn ọmọ wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí yé mi láti ìhà oníkáàdì.

Ní 1955 ni wọ́n ṣí Disneyland ní Anaheim. Láyé ìgbà yẹn, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ń rà, wọ́n á máa já a lọ́kọ̀ọ̀kan fún ohun tó bá fẹ́ gùn. Tíkẹ́ẹ̀tì tí lẹ́tà E wà lára rẹ̀ ni ti àwọn tó dára jù. Ní 1982 wọ́n pa ìyẹn tì, ó di owó kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà fún ohun gbogbo. Láti ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀ ni káàdì ọdún ti dùn mọ́ ará ìtòsí, torí pé tó bá ti rà á, bí ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìgbà tó bá tún padà lọ ṣe ń rí lójú rẹ̀. Àwa náà ṣe é. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ Friday, a máa ń lọ wo iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run, ká sì padà sílé. A kì í ra oúnjẹ. Mo ti se ìrẹsì sílẹ̀.

Mà, kì í ṣe iye owó nìkan ni wọ́n fi ń darí èrò níbẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń lò. Káàdì tí owó rẹ̀ kéré kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé àti lásìkò ọdún. Èyí tó wọ́n jù ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀. Ní 2019, wọ́n ṣí apá tuntun kan tó jẹ́ ti fíìmù Star Wars ní May 31, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ káàdì pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù èrò. Gbogbo wa ló rò pé èèyàn máa tẹra wọn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ jókòó sílé, ẹni tí káàdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ náà bẹ̀rù, òun náà jókòó sílé. Ọgbà ò kún tó bí wọ́n ṣe retí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn.

Nígbà tí kòrónà dé, wọ́n ti ọgbà ní March 2020. Ní January 2021 wọ́n fòpin sí ètò káàdì ọdún pátápátá, wọ́n dá owó ọjọ́ tó ṣẹ́ kù padà fún àwọn èèyàn. Ní August ọdún náà wọ́n gbé òmíràn dé, oríṣi mẹ́rin: dọ́là 399, 649, 949 àti 1,399. Ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ lọ. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, mà. Wọ́n ta èyí tó wọ́n jù gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò ní ọjọ́ tí wọ́n tì pa. Àwọn tó rà á wá rí i pé lọ́jọ́ mìíràn, àyè ti tán fún oníkáàdì nígbà tí wọ́n ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní 2023, Disney tó ni ọgbà náà gbà láti san mílíọ̀nù 9.5 dọ́là láti fi parí rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ kọ ọ́ sójú káàdì kí ẹ tó gbowó.

Aṣírò, Ọláìyá

Mọ́mì, ẹ kú làálàá. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ sí ₦40,000.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ní ₦1,500 lẹ́nu gẹ́ètì, ẹni tó san ₦40,000 gbọ́dọ̀ wá nígbà 27 kí owó rẹ̀ tó pé e. Ta ni yóò rà á? Ẹni tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á máa wá ní gbogbo Sọ́ńdè ni. Àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, àwọn tí kì í dí yín lọ́wọ́, àwọn ni yóò lọ. Ẹ̀yin á wá ṣẹ́ ku pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ jẹ owó wọn dé egungun. Iye káàdì á dín kù, ṣùgbọ́n Sọ́ńdè yín lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Six Flags, ilé iṣẹ́ ọgbà ìṣeré ńlá kan l'Amẹ́ríkà, gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2022. Wọ́n gbówó lé e, wọ́n sì gé ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọgbà dẹ̀, kí ẹni tó bá wá gbádùn. Ó dẹ̀ lóòótọ́. Mílíọ̀nù 27.7 èèyàn ló wá ní 2021, ó di mílíọ̀nù 20.5 ní 2022. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná nínú ọgbà lọ sókè, ṣùgbọ́n àpapọ̀ owó tó wọlé já wálẹ̀, láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 dọ́là sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.36. Ilé iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn lè fara da irú rẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dísù pẹ̀lú owó tó wọlé lánàá ò lè fara dà á.

Ohun kan tí mo fẹ́ béèrè: ta ló ń ra ohun jíjẹ nínú ọgbà yín, oníkáàdì ni àbí ẹni tó san owó gẹ́ètì?

Ìyá Tíṣà, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo lọ wo ìwé obìnrin tó ń ta pọ́fù àti mínírà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹni tó san owó gẹ́ètì ló ń rajà. Oníkáàdì ń gbé kúlà bọ̀ láti ilé. Àmọ́ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday, oníkáàdì gan-an ló ń ra pọ́fù jù, torí pé láti ilé ìwé ni àwọn ọmọ ń gba ibẹ̀, ebi á ti máa pa wọ́n. Mi ò kíyè sí i rí títí ẹ fi béèrè.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Mo wà lára àwọn 260 yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni mí. ₦24,000 ni mo san fún àwọn ìbejì mi. Owó àjọ ni, ìgbà tó kàn mí ni mo fi rà á. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, mi ò lè kúrò nídìí ẹ̀rọ, pàápàá tí aṣọ ẹbí bá wà nílẹ̀. Sọ́ńdè nìkan ni mo ní. Tí ẹ bá ti Sọ́ńdè pa láàárín ọdún yìí, ẹ ti gbowó mi lásán nìyẹn, inú mi ò sì ní dùn, mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìlérí tó wà lójú káàdì ni "nígbàkígbà."

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Mùsùlùmí ni wá. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sọ́ńdè, ọwọ́ wa ti dilẹ̀, àwọn ọmọ ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun, wọ́n kàn ń da ilé rú ni. Gẹ́ètì yín kì í ṣí títí di aago méjìlá kọjá, torí pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ wà. Mo mọ̀ pé ó kéré tán, ìdajì àwọn oníkáàdì àdúgbò wa jẹ́ Mùsùlùmí. Gbogbo wa ń dúró de ìgbà tí ẹ̀yin máa ṣí, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé náà á sì já sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí i pé ìdí nìyẹn tí aago kan fi ń rí bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò (California)

Èyí dára ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé owó gẹ́ètì náà ò gbọ́dọ̀ dọ́gba lójoojúmọ́. Ní 2016, Disneyland pín tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan sí mẹ́ta nígbà náà: dọ́là 95 fún ọjọ́ tó dẹ̀, 105 fún ọjọ́ lásán, 119 fún ọjọ́ tí èrò pọ̀. Tí ọmọ bá lè wọlé ní ₦1,000 lọ́jọ́ Wednesday, òbí tí kò ní káàdì náà á ní ìdí láti sún kúrò ní Sọ́ńdè.

Ìyá Tíṣà, Òkè-Baálẹ̀

Ìyá Ìbejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣí ọgbà yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àkókò ìsìn tèmi ni mo fi ti gbogbo ìlú mọ́ta. Bàbá tó ń ṣọ́ gẹ́ètì fún mi, Mùsùlùmí ni òun náà. Mo bi í lánàá, ó ní òun lè dé láago mẹ́jọ ààbọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pé òun ti ń retí kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Káàdì tọdún yìí ò ní yí padà. Ohun tí mo kọ ni mo kọ. Ní ti ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun àti ọjọ́ 25 àti 26 December, ẹ̀bẹ̀ ni màá bẹ̀ àwọn oníkáàdì, mi ò ní tì wọ́n pa. Ẹni tó bá fi ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún àlejò, káàdì rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí January á fi parí, ìgbà tí ọgbà máa ń dá páro.

Lọ́dún tó ń bọ̀, méjì ni màá tà. Èyí aláwọ̀ ewé á jẹ́ ₦9,000, Mọ́ńdè sí Friday nìkan. Èyí aláwọ̀ aró á jẹ́ ₦22,000, ó ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọmọ 80 péré ni mo máa tà á fún, kí àyè lè kù fún ẹni tó bá ti Ìkìrun wá. Màá jẹ́ kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì, torí àwọn tó ń fi owó àjọ rà á. Àwọn ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́ á wà lójú rẹ̀ gbàgàdà: January 1, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá, May 27, December 25 àti 26. Owó gẹ́ètì á jẹ́ ₦1,000 láàárín ọ̀sẹ̀. Aṣírò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá 80 yẹn pọ̀ jù tàbí ó kéré jù.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, gẹ́ètì á ṣí láago mẹ́sàn-án. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará Òkè-Fìà. Màá ní kí bàbá kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wọlé ṣáájú aago méjìlá sí ojú ewé ọ̀tọ̀, màá sì mú iye rẹ̀ padà wá síbí ní Mọ́ńdè.