Àbọ̀: ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ara wíwọ́ ti Thai àbí tuina?

Oṣù tó kọjá ni mo béèrè níbí pé ẹ̀yìn àti ọrùn ń dùn mí nítorí àjókòópẹ́ níbi iṣẹ́ mi ní Bangkok: ṣé kí n lọ wọ́ra lọ́nà Thai ni, àbí tuina, ìyẹn ara wíwọ́ ti àwọn ará Ṣáínà?

Ẹni tó ní kí n lọ sí tẹ́ḿpìlì Wat Pho, níbi tí wọ́n ti ń wọ́ra lọ́nà Thai, ló gbà mí. Wọ́n ní kí n sùn sórí ẹní, taṣọtaṣọ, láìsí òróró. Obìnrin tó wọ́ mi fi àtàǹpàkò àti ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ mí láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, ó wá ń fa ẹsẹ̀ mi, ó ń lọ́ ìbàdí mi. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà mi láìkérora! Bó bá ti ń dùn jù, ẹ tètè sọ. Èmi dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara sì ro mí fún ọjọ́ méjì.

Tuina tí mo ṣe ní Yaowarat, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Bangkok, dẹ ọrùn mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kẹta, á tún le.

Ìka ọwọ́ mi tó ń kú tipiri kò tíì yí padà. Dókítà ni mo ń gbé ìyẹn lọ bá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ṣeun gan-an.