Wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ ààbò àbúrò mi ní Kánádà: kí ni ilé ẹjọ́ lè ṣe sí i?

Ọmọ Ìlú Aró, Òṣogbo:
Mo kí gbogbo ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin sá lọ sí Kánádà nígbà tí ọ̀rọ̀ oyè ilé wa di ìjà àdá. Wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn àwọn asásálà sì tún ti kọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ó lè máa gbé ní Port Harcourt láìséwu. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa méjì ní Alékúwodò ti ṣetán láti lọ búra sí ìwé tuntun ní kóòtù. Ṣé adájọ́ yóò wo ìwé náà? Ṣé ó sì lè fún un ní ààbò?

Agbẹjọ́rò Òkè-Fìà:
Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ ná. Láti ìgbà tí ìpinnu ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ 15 péré ló ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Ìjọba Àpapọ̀ níbẹ̀, bí àwa náà ṣe ń tọrọ àyè nílé níbí kí a tó pe ìpinnu ìjọba lẹ́jọ́. Bí adájọ́ bá sì kọ̀ láti yọ̀ǹda, kò sí kòtẹ́milọ́rùn lórí ìyẹn.

Ní ti ìwé ìbúra, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń náwó sí lásán. Adájọ́ kì í tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà níwájú ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu ló máa ń wò, àfi nígbà díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀sùn bá jẹ́ pé wọn kò jẹ́ kí ẹni náà sọ tẹnu rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tó ń wá ni bóyá àlàyé tí wọ́n kọ sílẹ̀ mọ́gbọ́n wá, tó ṣeé tọpa, tó sì dáhùn kókó ọ̀rọ̀ tí ẹni náà gbé kalẹ̀. Ẹjọ́ Vavilov ti 2019 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn fi ṣàlàyé òṣùwọ̀n yìí. Bí àbúrò yín bá jàre, adájọ́ yóò fagi lé ìpinnu náà, yóò sì dá a padà kí ẹlòmíràn tún un gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà fúnni ní ààbò.

Ìyá Ìbejì:
Winnipeg ni mo gbé kí n tó padà wálé. Port Harcourt yẹn gan-an ni ẹjọ́ o. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ewu lè bá a débẹ̀, àti bóyá ó bọ́gbọ́n mu pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ máa gbé níbẹ̀. Bó bá ti sọ fún wọn pé àwọn tó ń wá a ní ènìyàn nínú ọlọ́pàá, tí ìpinnu kò sì mẹ́nu kàn án, ibẹ̀ ni kí lọ́yà rẹ̀ dì mú. Nígbà tèmi, ìlà mẹ́ta tí wọ́n fò nínú lẹ́tà màmá mi ni lọ́yà fi yíǹkì pupa fà sí lábẹ́, òun náà ló gbà wá. Dọ́là 50 ni owó ìfìwésílẹ̀. Owó lọ́yà ló ń wọni lọ́rùn.

Ọmọ Ìlú Aró:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé wọn kò ní í lé e kí ẹjọ́ tó parí?

Agbẹjọ́rò Òkè-Fìà:
Bó bá fìwé sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 15 náà, òfin fúnra rẹ̀ sábà máa ń dá ìlélọ dúró. Bó bá pẹ́, yóò ní láti tọrọ ìdádúró lọ́tọ̀, ìyẹn kò sì rọrùn. Ẹ pè é lálẹ́ yìí. Ìwé àwọn bàbá yín, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ó lè wúlò nígbà náà.