Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí quartz tó ní wúrà àti fàdákà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ń tọ ìlà quartz (òkúta líle tó sábà máa ń funfun) kan nínú òkúta tó ti ara volcano, òkè tó ń yọ iná, wá, ó tò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn, ìlà dúdú tín-ín-rín sì wà láàárín tí mo rò pé ibẹ̀ ni fàdákà wà. Èyí tó fún mi nírètí jù ni àwọn quartz pẹlẹbẹ bí abẹ tó dábùú ara wọn, calcite, òkúta míì tó rọ̀ ju quartz lọ, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí quartz tó gbapò ẹ̀, ìyẹn sì máa ń fi hàn pé omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ti hó níbẹ̀, híhó yẹn ló sì sábà máa ń jẹ́ kí wúrà inú omi náà dì sílẹ̀. Àmọ́ èsì láàbù dé, wúrà inú ẹ̀ ò tó nǹkan rárá.

Ṣé wúrà ṣì wà nísàlẹ̀ ibi tí mo dúró sí ni, àbí ilẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ ti jẹ lọ? Ní Hishikari, ibi ìwakùsà wúrà kan ní Jàpáànì, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ihò bá wúrà lọ́dún 1981. Ṣé kí láàbù wo arsenic àti antimony, àwọn èròjà inú òkúta tó sábà máa ń pọ̀ lápá òkè ibi tí wúrà wà, àti òjé pẹ̀lú síńkì tó máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀, kí n lè mọ ibi tí mo wà, kí n tó náwó sórí ihò gbígbẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?