Ìtàn ìrírí: Ẹ̀yin tí kẹ́míkà méjì tàbí mẹ́ta ń bá jà lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá sọ tiyín

Aláró Ìtokú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pa aṣọ láró ní Abẹ́òkúta. Nígbà ayé ìyá mi, ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n àwọ̀ oníyẹ̀fun, kọ́sítíìkì sódà àti háídírósì (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ yòrò wọ aṣọ) ni a ń dà pọ̀ nínú omi gbígbóná lónìí. Bí mo bá ṣí ike háídírósì, pàápàá nígbà òjò, òórùn tó ń bọ́ síni nímú dà bí ti ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Sódà ní tirẹ̀ ń gbóná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan omi, ooru rẹ̀ a sì gòkè wá bá èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ikọ́ kan wà lára mi tí kì í fi mí sílẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tó máa ń lọ bí mo bá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń ta sódà ní tòun kọ́. Ẹni tó ń ta háídírósì náà ní tòun kọ́. Ta ni kí n wá bi nípa àpapọ̀ wọn?

Pẹ́ńtà Mọ́tò: Ìyá mi, ẹ kú ewu o. Etí ni tèmi. Ọdún 17 ni mo ti ń fín ọ̀dà sí ara mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ mi gan-an sì ni panẹ́bítà ti ń lu irin láti àárọ̀ dalẹ́. Aṣọ ìnujú ni mo máa ń so mọ́ imú, tí àwọ̀ mọ́tò tí mo fín lọ́jọ́ náà á sì hàn nínú rẹ̀ títí dé ìṣẹ́po kẹta. Bí mo bá ṣe tán, tínà tí mo fi ń po ọ̀dà náà ni mo fi ń fọ ọwọ́, títí awọ ara á fi funfun bí ẹni fi eérú pa á. Ìyàwó mi ní òun a máa pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ń lu irin náà ṣì ń gbọ́ ju èmi lọ.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́: Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe èmi náà.

Baba Panẹ́bítà: Ẹ má fi ìyẹn sùn tínà, ariwo ló ń ba etí jẹ́. Imú ni tínà ń gbà wọlé; ta ló ń fi imú gbọ́ràn?

Elétò Ààbò: Baba, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín, ṣùgbọ́n tínà tó gba imú wọlé a máa bá ẹ̀jẹ̀ dé inú etí lọ́hùn-ún. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní toluene wà nínú ọ̀pọ̀ tínà. Ìwádìí kan jáde ní ọdún 1993 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ti ilé iṣẹ́ ọ̀dà: ewu kí etí dí jẹ́ bí ìlọ́po 4 fún ẹni tí ariwo nìkan ń bá jà, ó sì jẹ́ bí ìlọ́po 11 fún ẹni tí ariwo àti toluene jọ ń bá jà. Ìyá Aláró, ohun tí ẹ béèrè nìyẹn. Bí ààlà kẹ́míkà kan, ìyẹn ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́, bá jẹ́ 100, tí tiyín sì wà ní 60, wọ́n á ní kò séwu. Bí èkejì bá wà ní 50 nínú 100 tirẹ̀, wọ́n á tún ní kò séwu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibì kan náà lára ni àwọn méjèèjì ń bà jẹ́, ńṣe ni à ń rò wọ́n pọ̀, ẹ sì ti kọjá ààlà.

Ìyá Onídìrí: Mílíìkì ni kí ẹ máa mu. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí a bá ti lo rílásà tó ń na irun àti gúlúù lọ́jọ́ kan náà, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń mu ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Wọn kò pàdé lọ́nà rárá.

Baba Panẹ́bítà: Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mu mílíìkì fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Baba, inú mi dùn pé wọ́n lálàáfíà, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ́ kó fín ọ̀dà. Èyí tí mo rí jù ni ti ògógóró tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ pé ó ń fọ ọ̀fun. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó palẹ̀ toluene mọ́ nínú ara ni ọtí á gbà mọ́ tínà lọ́wọ́, èyí á sì pẹ́ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Onímọ́tótó Lọ́ńdọ̀nù: Ilé ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti rí tèmi. Mo da bílíìṣì sí àwo ṣáláńgá tí ásíìdì ìfọṣáláńgá ṣì wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Àyà mi há gádígádí, ojú mi ń da omi, ìkúnlẹ̀ ni mo fi jáde. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé gáàsì kilorín ni. Òfin COSHH ti ọdún 2002 níbí, èyí tó wà fún àwọn nǹkan tó léwu fún ìlera lẹ́nu iṣẹ́, sọ ọ́ kedere pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ro ewu àwọn kẹ́míkà pọ̀ bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n má da méjèèjì pọ̀.

Aláró Ìtokú: Ọmọ mi, kú oríire pé o jáde. Láti àná, mo ti gbé ìkòkò kúrò lábẹ́ àtíbàbà sí gbangba, mo sì ń dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ìwọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́: Mà, bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, mo ń gbọ́ ohùn bí ti ìrẹ̀, ó sì ń ké títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo kọ́kọ́ wá a kiri inú yàrá. Ọmọ ọdún 19 ni mí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọmọ mi, ṣé etí kan ni tàbí méjèèjì?

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́: Méjèèjì ni, mà.