Àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ń kógbá wọlé, kí la lè ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ń ká mi lára gan-an. Àwọn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ń kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn ti lè ra ìṣó méjì péré. Ní ilé ìtajà ńlá, inú ọ̀rá tí wọ́n ti lẹ̀ pa ló máa ń wà, dandan ni kéèyàn ra gbogbo rẹ̀. Ọlọ́jà àtijọ́ mọ oníbàárà rẹ̀ lórúkọ, ó sì ń kọ àwìn sínú ìwé títí owó á fi dé.

Owó ilé tó ń ga àti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó fà á. Àwọn ọmọ náà kì í sábà fẹ́ jogún iṣẹ́ yìí. Ní 1973, ilẹ̀ Faransé ṣòfin pé ilé ìtajà tó bá tóbi ju ìwọ̀n kan lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn abúlé kan dáwó jọ, wọ́n ra ṣọ́ọ̀bù wọn kó má bàa pa rẹ́. Ìyẹn ló wù mí jù. Àmọ́ ta ni yóò máa jókòó ti ọjà lójoojúmọ́? Bí àdánù bá dé ńkọ́, ta ni yóò gbé e? Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.